Bí Oníròyìn Bá Kí Ọ

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kejìlá, aago méje alẹ́ ní Ìgbó-Ọrà, aago mẹ́fà níhìn-ín, fóònù mi kò dún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dé Ìlú Ọba, bàbá mi kò pa aago méje Ọjọ́ Àìkú jẹ rí. Bí iná ò bá sí, bí káàdì bá tán lórí fóònù rẹ̀, kódà bó jẹ́ pé ọwọ́ aládùúgbò ni yóò ti tọrọ fóònù, yóò pè. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò pè. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ wọlé láti orí fóònù Àǹtí Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. Ohùn bàbá mi ni lóòótọ́. Ọkàn mi balẹ̀, àmọ́ kò balẹ̀ tán.

Kí ìdí rẹ̀ tó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìròyìn aago méje jẹ́ nílé wa.

Tẹlifíṣọ̀n ni bàbá mi ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdèrè. Ìbejì ni Táyé àti Kẹ́hìndé tí mo tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n bí o bá pe "Bàbá Ìbejì" lójú títì ní Ìgbó-Ọrà, ìdajì àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ni yóò bojú wẹ̀yìn. Nítorí náà, Bàbá Oníròyìn ni wọ́n ń pè é, torí pé ojú oníròyìn ló fi ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sáré, àwọn eléré ń fò sókè fò sílẹ̀, oníròyìn nìkan ló ń jókòó jẹ́ẹ́. Bí ojú oníròyìn bá gùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí tó pọ́n bí epo, o ti mọ ibi tí àìsàn tẹlifíṣọ̀n náà wà. Bí aago méje bá ti ń sún mọ́lé, yóò to gbogbo èyí tó tún ṣe lọ́jọ́ náà sórí bẹ́ǹṣì, yóò tan wọ́n sí ìròyìn Yorùbá. Oníròyìn kan ṣoṣo á wá di mẹ́rin: ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, ọ̀kan dúdú-àti-funfun, ọ̀kan ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Oníròyìn náà, obìnrin kan tó máa ń wé gèlè gàgàrà, á gbé ojú kúrò lára ìwé, á ní, "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin òǹwòran wa." Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á dáhùn pé, "Ẹ káalẹ́ o!" Dandan ni. Bàbá mi kò gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó wo ìròyìn níwájú ṣọ́ọ̀bù òun láìdáhùn ìkíni.

Ẹni tó máa ń bá a jà sí i ni Bàbá Ràfíù, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí ilé rẹ̀ kọjú sí wa.

"Bàbá Oníròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé obìnrin yìí ń gbọ́ wa ni?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Wọ́n kí ọ, àbí wọn ò kí ọ?"

"Wọ́n kí mi."

"Ta ló wá kọ́ ọ pé kó o máa wo ẹni tó kí ọ bíi màálù?"

"Ó dáa, mo ti dáhùn. Ẹ wá bá mi bi í bóyá ó lè fẹ́ àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́."

"Pẹ̀lú gèlè yẹn? Àjà ilé rẹ ò ga tó o, Ràfíù. Orí ìkúnlẹ̀ ni yóò máa gbé."

Obìnrin onígèlè náà kò rẹ́rìn-ín rí. Kókó ìròyìn ló máa ń kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà ó máa ń kà á ní kíkún, lẹ́yìn náà ó máa ń tún kókó rẹ̀ kà, kí ẹni tó pẹ́ dé má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Bí àwòrán tó yẹ kó jáde kò bá jáde, kò ní yí ọrùn wò káàkiri. Yóò máa wò wá, àwa náà á máa wò ó, títí yóò fi sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú sùúrù." Bó bá parí, yóò kó ìwé rẹ̀ jọ, yóò fi etí ìwé náà lu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, pó, pó. Ìkéde àwọn olóògbé ló máa ń tẹ̀ lé e, pẹ̀lú fọ́tò tí kò mira. Mo bi bàbá mi nígbà kan pé kí ló dé tí obìnrin náà kì í fajú ro bó bá ń ka ti òkú. Ó ní, "Ohùn tí wọ́n fi ń ka iye owó iṣu náà ni wọ́n fi ń ka òkú. Ẹni tó wà nílé ló ni ẹkún."

Àwọn tó kẹ́yìn nínú irú àwọn oníròyìn bẹ́ẹ̀ ni èmi bá. Àwọn tó ṣáájú, ẹnu bàbá mi ni mo ti mọ̀ wọ́n, nítorí náà ohun tó sọ ni mò ń sọ. Ó sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń wọ gíláàsì ńlá, tó máa ń fi ìka kan ahọ́n kó tó ṣí ìwé. Ó ní ọkùnrin náà ka ìròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀, àfi lọ́jọ́ kejì tí wọ́n kéde òkú náà ni gbogbo ènìyàn tó mọ̀. Bàbá Ràfíù ní irọ́ ni. Èmi náà ti wò ó yíká: bàbá mi kò mọ ọkùnrin náà rí, ẹni tó sọ fún un kò sì sọ ibi tí òun ti gbọ́ ọ. N kò lè sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá mi gbà á gbọ́, ó sì fẹ́ kí àwa náà gbà á gbọ́.

Nígbà tí mo dé ìlú yìí, òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi tẹ́lẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo kí ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí mo gba yàrá sí, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo dín ìkíni kù. Ní oṣù kejì tí mo débí, mo ṣàkíyèsí pé mo lè jáde nílé kí n sì wọlé padà láì gbọ́ ohùn ara mi.

Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ tí mo rí níhìn-ín ni iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó: ká gbé wọn dìde, ká wẹ̀ wọ́n, ká fún wọn lóúnjẹ, ká gbé wọn sùn. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà ní pálọ̀ ilé náà tí kì í kú. Àwọn oníròyìn ibẹ̀ ń dìde, wọ́n ń rìn, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ mìíràn ń sáré kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn nígbà tí èyí tí wọ́n ń sọ kò tíì tán. N kò ní sọ pé tiwọn kò dára. Ohun tí mo lè sọ ni pé n kì í mọ ìgbà tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ tàbí ìgbà tó parí, àfi ti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nìkan, tí ọkùnrin kan máa ń jókòó kà, tó sì máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ń fún obìnrin àgbà kan ní tíì, ọkùnrin yẹn ní, "A kú ìrọ̀lẹ́." Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó mọ̀, mo sì tẹ orí ba díẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà."

Obìnrin ará Gánà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ da abọ́ ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ta lò ń kí?"

Mo tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bá mi kí i o. Sọ fún un pé kó bá wa bẹ ọ̀gá, owó oṣù yìí ti kéré jù."

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n obìnrin àgbà tí mò ń fún ní tíì wò mí, wíwò tí kò wò mí rí. Màmá Fèrèsé ni mo ń pè é lọ́kàn mi, nítorí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń gbé àga rẹ̀ sí. Rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Kò lè béèrè omi, kò lè dárúkọ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo tún dáhùn ìkíni náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún ẹ̀rín ni. Màmá Fèrèsé la ẹnu, ó sọ kedere ní èdè rẹ̀ pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé bí ọ̀rọ̀ bá ti lọ tán, ìkíni àti àdúrà àti orin a máa ṣẹ́ kù nígbà mìíràn, nítorí a ti sọ wọ́n jù kí wọ́n tó lè sọnù. N kò lè jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ènìyàn. Ti Màmá Fèrèsé, mo gbọ́ ọ létí ara mi, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àti ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyẹn ni ayọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní níhìn-ín. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, ó pariwo jáde síta pé, "Ràfíù! Wá gbọ́ o! Mo sọ fún ọ pé wọ́n ń gbọ́!"

Bí oníròyìn ni òun náà ṣe máa ń sọ ti ilé fún mi. Yóò kọ́kọ́ wúkọ́. "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ìlú Ọba." Èmi á ní, "Ẹ káalẹ́ sà." Bí n kò bá dáhùn, kò ní tẹ̀ síwájú. "Àwọn kókó ìròyìn. Ewúrẹ́ Bàbá Ràfíù wọ mọ́sáláásí, ó jẹ ẹní tuntun. Àgbàdo tútù ti kún ọjà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò tó ènìyàn jẹ. Ìjọba Kẹ́hìndé ti fòfin de iyọ̀ nínú ọbẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn alátakò, ìyẹn èmi nìkan, kò gbà." Yóò wá ka gbogbo rẹ̀ ní kíkún. Bó bá tún kókó rẹ̀ kà tán, mo máa ń gbọ́ ìwé tó ń lu tábìlì, pó, pó.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ohun tí ènìyàn ń pè ní ilé. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti bí mi nìkan, torí mo mọ àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ tí ibẹ̀ kò sì mọ̀ wọ́n mọ́. Ó jọ pé ibi tí wọ́n ti ń dúró dè ọ́ kó o dáhùn kí wọ́n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ ni. Bí èyí bá tọ̀nà, ní Ọjọ́ Àìkú, aago méje, mo wà nílé.

Ẹ wá rí ìdí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Kò dúró dè mí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òmíràn tún wọlé. Nínú èyí, bàbá mi kí olùgbọ́, ó ní àgbàdo tútù ti kún ọjà. Lẹ́yìn náà ló dúró, ó ní, "Rárá. Ewúrẹ́ ló yẹ kó ṣáájú." Ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni.

Mo jókòó sórí ibùsùn mi. Oṣù Kejìlá la wà, ọyẹ́ ń fẹ́ ní Ìbàràpá, kò sẹ́ni tó ń ta àgbàdo tútù nínú ọyẹ́. Mo sì ti gbọ́ ti ewúrẹ́ yẹn lẹ́nu rẹ̀ nígbà òjò. Ohùn yìí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ náà. Ìgbà náà ló yé mi pé bàbá mi máa ń dán ìròyìn rẹ̀ wò sínú fóònù kó tó pè mí. N kò mọ̀ ọ́n rí. Mo rò pé ìwé tó ń lu tábìlì jẹ́ òfìfo, ó kàn máa ń sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu ni.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Àǹtí Kẹ́hìndé, ẹ gbé fóònù fún Bàbá."

"Wọ́n ń kírun."

"Aago mẹ́wàá ni níbẹ̀. Ìrun wo?"

"Ìyálẹ̀ta."

"Bàbá wa? Ìyálẹ̀ta?"

"Ìwọ yìí, ṣé o ti di ọlọ́pàá níbẹ̀ ni? Wọ́n ní wọ́n ń kírun, o ní ìrun wo!"

"Àǹtí mi, àgbàdo tútù kì í sí lọ́jà nínú ọyẹ́."

Mo gbọ́ tó ń fa imú. Ó ní Bàbá ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu wọn ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kò sì jáde látìgbà náà. "A ò fẹ́ kó o dá nìkan gbọ́ ọ lọ́nà jíjìn. Ìwọ tó ò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n wà láàyè?"

"Wọ́n wà láàyè. Ara wọn ò kàn yá ni."

"Ẹ jẹ́ kí n rí wọn nínú fóònù."

"Wọn ò gbà. Aṣọ ni wọ́n fi ń bo ojú. Bí mo bá ti gbé fóònù sókè, ọwọ́ òsì wọn á gbá a dànù."

Ọ̀rọ̀ náà bá ìwà bàbá mi mu. Ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ojú tó wọ́ ṣe kò ní fẹ́ kí wọ́n rí tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "ara wọn ò yá" yẹn ni kò jẹ́ kí n simi. Nígbà tí ìyá mi kú, ilé ìwé ni mo wà ní Lánlátẹ̀. Àǹtí Kẹ́hìndé kan náà ló ránṣẹ́ sí mi pé ara Màmá ò yá, kí n máa bọ̀. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo rí àga tí wọ́n tò síta, mo sì mọ̀. Bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. N kò bínú sí àṣà náà, àánú ló bí i. Àmọ́ mo wá wà níbi tí n kò ti lè rí àga kankan níta. Ìwé ìgbélùú mi sì wà lọ́wọ́ ìjọba níhìn-ín, wọn kò tíì sọ ọ́ dọ̀tun. Bí mo bá jáde, n kò ní lè wọlé mọ́. Ohùn àtijọ́ nìkan ni mo ní lọ́wọ́. N kò mọ̀ bóyá bàbá mi wà láàyè.

Màmá Fèrèsé ni mo ń fún lóúnjẹ lọ́jọ́ náà nígbà tí ohun tí mo lè ṣe sọ sí mi lọ́kàn. Ọkùnrin tẹlifíṣọ̀n kí wa. Màmá dáhùn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. "Lọ́jọ́ Àìkú, aago méje, ẹ má gbé fóònù sójú Bàbá. Etí wọn ni kí ẹ gbé e sí. Èmi ni mo fẹ́ ka ìròyìn."

"Orí ẹ ti dàrú."

"Ẹ ṣáà bá mi gbé e síbẹ̀, Àǹtí mi."

Nígbà tó di ọjọ́ náà, mo wọ yàrá ìfọṣọ ibi iṣẹ́ wa, mo ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ́ ìwé sórí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo gbọ́ Àǹtí Kẹ́hìndé tó ní, "Ó ti wà létí wọn." Mo gbọ́ ikọ́ Bàbá Ràfíù, òun náà wà níbẹ̀. N kò gbọ́ ohun mìíràn.

Mo ní, "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ìgbó-Ọrà."

Mo dúró. Bó bá jẹ́ pé òkú ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi, kò sí ohun tí wọ́n lè fi dáhùn. Mo tún dúró, bí obìnrin onígèlè ṣe máa ń dúró de àwòrán. N kò tún un sọ, nítorí oníròyìn kì í kí ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan kan fà lórí fóònù, bí ìgbà tí wọ́n ń fa àga lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà, ó jáde, ó wúwo, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó pé:

"Ẹ… káalẹ́… o."

"Alihamudulilai!" ni Bàbá Ràfíù pariwo. "Bàbá Oníròyìn! Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ yẹn?" Àǹtí Kẹ́hìndé ti bú sẹ́kún.

Ẹni tó wà nílé ló ni ẹkún. Mo gbé ìwé sókè, mo sì ń ka ìròyìn lọ. "Àwọn kókó ìròyìn. Yìnyín ti bọ́ ní Ìlú Ọba, ọmọ Bàbá Oníròyìn sì ṣubú lórí rẹ̀ lójú àwọn ọmọléèwé. Màmá Fèrèsé ti ń dáhùn ìkíni lójoojúmọ́, ó ní kí wọ́n kí Bàbá Oníròyìn. Ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọmọ Bàbá Oníròyìn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro àmàlà nínú oṣù yìí, kókó inú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ." Mo ka gbogbo rẹ̀ ní kíkún. Mo tún kókó rẹ̀ kà. Mo fi etí ìwé lu ẹ̀rọ ìfọṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn mi kò yẹ̀. Bóyá ti ọkùnrin onígíláàsì náà kò yẹ̀ lóòótọ́, n kò mọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Àǹtí Kẹ́hìndé pè mí.

"Ara Bàbá ò yá o," ló wí. "Ara wọn ò yá rárá. Gbìyànjú kó o…"

"Àǹtí mi," mo ní, "ẹ kà á fún mi."

Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó ti tọ́ sójú kan. "Bàbá wa kú láàárọ̀ òní. A sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Àìlà, ní ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Ràfíù wà lára àwọn tó gbé wọn sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ó tún un kà, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ.

Èmi tí mo wà nílé ni mo sunkún.

Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní aago mẹ́fà, Màmá Fèrèsé máa ń dáhùn, èmi náà máa ń dáhùn, obìnrin ará Gánà yẹn ti ń dáhùn báyìí láìrẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi fọ́tò sàréè ránṣẹ́ sí mi. Ilẹ̀ pupa ni, ó jọ gbogbo ilẹ̀ pupa tó wà ní Ìbàràpá. N kò rí ọjọ́ tí bàbá mi ṣubú. N kò rí ojú rẹ̀ bó ṣe yí padà. N kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín. Mo gba àwọn tó sọ ọ́ fún mi gbọ́, àmọ́ ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ.

Èyí tí mo fi etí ara mi gbọ́ ni pé mo kí bàbá mi ní aago méje alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, ó sì dáhùn.